Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ Disneyland Paris
Ẹ̀yin ará London, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan, físà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò o, torí tó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, físà UK ò lè gbé yín wọ Faransé, físà Schengen táwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bíi Faransé jọ ń lò ni. Ẹ sì wọn àwọn ọmọ nílé, ọmọ tí ò bá tó 102 cm ò lè gun Big Thunder Mountain, ọkọ̀ ìṣeré tó máa ń sáré lórí irin, ti Hyperspace Mountain tiẹ̀ jẹ́ 120 cm, ẹkún tí wọ́n máa ń sun lórí ìlà yẹn, háà! Láti àárín Paris, ọkọ̀ ojú irin RER A ni kẹ́ ẹ wọ̀ dé ibùdókọ̀ Marne-la-Vallée Chessy, ẹnu géètì gan-an ló máa já yín sí. Ẹ di ìpápánu dání jàre, oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n.