Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí: bí ẹni tó ti ka ìwé ṣe ń bá ará ilé wo eré

Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó ti ka ìwé kan tán, tó wá fẹ́ bá àwọn ará ilé rẹ̀ wo eré tí wọ́n fi ìwé náà ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Má jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí ojú rẹ. Lọ́dún 2011 tí Game of Thrones ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ màmá mi gan-an ni mo jókòó sí. Nígbà tí wọ́n mú Eddard Stark, olórí ìdílé Stark, jáde síwájú èrò ní abala kẹsàn-án, màmá mi ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Wọ́n máa pa á, àbí? Mo ti rí i lójú ẹ." Wọn ò tíì fa idà yọ. Ohun tí George R. R. Martin tó kọ ìwé náà fi sùúrù gbé pa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ojú mi tú u síta kí n tó mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó ń dùn mí nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtàn máa ń bá èèyàn lójijì. Èmi ti rí tèmi gbà. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo wà nígbà tí mo ka ibi Ìgbéyàwó Ẹlẹ́jẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Red Wedding. Tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kà á, àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ti sùn, mo sì fi ọwọ́ di ẹnu mi kí n má baà jí wọn. Kò sẹ́ni tí mo lè pariwo sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi ké igbe yẹn. (Tó o bá ṣì fẹ́ wo eré yìí, lọ wò ó ná kí o tó kà síwájú. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa sọ níbí.)

Lẹ́yìn ìjókòó, ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Àwọn èèyàn inú eré yẹn pọ̀ débi pé ẹni tí kò ka ìwé lè sọ nù láàárín wọn. Má ṣe kó orúkọ lé wọn lórí, jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ wọ́n lórúkọ. Màmá mi ò pe Catelyn Stark, ìyàwó Eddard, ní Catelyn rí. Ìyá Robb ni, nítorí Robb ni àkọ́bí. Eddard ni Bàbá Robb, Daenerys sì ni Ìyá Dragoni. Ibi tí wọ́n ti mọ ẹni tó bí ta ni gbogbo ìjà oyè yẹn ti yé wọn, ó tiẹ̀ yé wọn ju èmi lọ níbì kan. Dragoni gan-an kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà nílé ẹ̀kọ́, kí ni yóò bà á lẹ́rù nínú ẹranko tó ń yọ iná lẹ́nu?

Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, bí mo ṣe ń ṣe fún màmá mi, ohun tí wọ́n sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ni kí o túmọ̀, má fi tìẹ kún un. Má sọ pé "Ẹ máa ṣọ́ ọkùnrin yìí o." Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, kò sí bí wọn ò ṣe ní bi ọ́. Èsì kan ni kí o mú, èmi máa ń sọ pé "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó, màmá." Ohùn kan náà ni kí o máa fi sọ ọ́ nígbà gbogbo, àní bí ìdáhùn náà kò tilẹ̀ ní ewu kankan. Tó bá jẹ́ kìkì ìgbà tí ikú ń bọ̀ lo máa ń sọ ọ́, láàárín abala mẹ́ta, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó ti di agogo ìkìlọ̀.

Má sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Màmá mi dàgbà sínú àlọ́. Níbi àlọ́, ẹni tó ń gbọ́ ló ń gbe orin, tí kò bá dáhùn, apàlọ́ á dákẹ́. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń bá Joffrey, ọba òṣìkà yẹn, wí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń sọ fún Sansa, ọmọbìnrin Eddard, pé kó sá, iṣẹ́ tiwọn nínú ìtàn ni wọ́n ń ṣe yẹn. Dá eré dúró díẹ̀ tó bá pọndandan, kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ Ìgbéyàwó Ẹlẹ́jẹ̀ wá dé. Apá kẹta ni, abala kẹsàn-án, oṣù kẹfà ọdún 2013. Nǹkan kan ṣoṣo ló yẹ kí o rí i pé wọn ò pàdánù kí wọ́n tó débẹ̀: búrẹ́dì àti iyọ̀. Nílẹ̀ Westeros, níbi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àlejò tó bá ti jẹ oúnjẹ onílé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lábẹ́ òrùlé yẹn. Eré náà fúnra rẹ̀ fi hàn wá, nítorí náà kì í ṣe àṣírí lò ń tú. Mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Màmá mi ní, "Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn Walder Frey, onílé tó gba Robb àti ìyá rẹ̀ lálejò. Àwọn onílù àti onífèrè yí orin padà sí orin àwọn Lannister, ìdílé ọ̀tá wọn. Ìyá Robb wo Roose Bolton, olóyè kan tó ń tẹ̀lé Robb, ó gbé apá aṣọ ọkùnrin náà sókè, ẹ̀wù irin ló wà lábẹ́. Èmi wà lẹ́yìn, mi ò rí ju gèlè màmá mi àti èjìká wọn lọ. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún ìyàwó Robb níkùn, màmá mi dìde. Agbẹ̀bí ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n fi ju ọgbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn, oyún sì wà nínú obìnrin náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n dúró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn ara wọn mú títí wọ́n fi pa Robb àti ìyá rẹ̀ tán. Orúkọ àwọn òṣèré wá ń yí lọ lójú tẹlifíṣọ̀n láìsí orin kankan, bí wọ́n ṣe ṣe abala yẹn nìyẹn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sọ kì í sì í ṣe nípa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti fún wọn ní iyọ̀! Ó ti fún wọn ní iyọ̀ jẹ!"

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló dọ́gbọ́n gbé fóònù pa mọ́ lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n fi ya ojú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n sì gbé e sórí YouTube. Má ṣe é láìgbàyè. Ohun tí màmá mi ṣe lórí ìdúró yẹn, tiwọn ni. Ìwé kékeré kan ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó ka ohun tí ẹnikẹ́ni sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rọ̀ ọ́ kí ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ti ara rẹ sílẹ̀ kí o tó ka ti aráyé. Tí o bá ti ka èrò ẹgbẹ̀rún èèyàn, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ tìẹ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ Scotland ni Martin ti rí i: lọ́dún 1440, wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin olórí ìdílé Douglas àti àbúrò rẹ̀ wá jẹun ní ààfin Edinburgh, wọ́n sì pa wọ́n. Lọ́dún 1692 ní Glencoe, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbà lálejò ló pa àwọn tó gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa òǹkàwé fẹ́ràn jù: "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé." Kí o tó sọ ọ́, béèrè ohun tí ìyípadà náà ń ṣe. Wo apá aṣọ yẹn. Nínú ìwé, Edwyn Frey ni Catelyn gbá lápá mú, kì í ṣe Roose Bolton. Ṣùgbọ́n ta ló máa rántí ojú Edwyn láàárín ọmọ rẹpẹtẹ tí Walder Frey bí? Ojú Bolton ni màmá mi mọ̀, ìdí nìyẹn tí àyà wọn fi já. Ìyàwó Robb gan-an, Jeyne ni nínú ìwé, kò sì bá wọn lọ síbi ìgbéyàwó náà. Oyún tí wọ́n fi kún un, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, mo rò pé ó le jù, síbẹ̀ mo mọ ẹni tó dìde nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà, ọ̀nà yẹn ni kí o fi wò ó. Ursula K. Le Guin dìídì fi àwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú fún Ged nínú ìwé Earthsea, lọ́dún 2004 tí wọ́n fi ìwé náà ṣe eré tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e fún òṣèré aláwọ̀ funfun, òǹkọ̀wé náà sì sọ ìbínú rẹ̀ síta. Ó tọ̀nà, ohun tó kọ ni wọ́n pa rẹ́. Nígbà tí House of the Dragon, eré mìíràn láti inú ìwé Martin, jáde lọ́dún 2022, tí wọ́n fi Steve Toussaint ṣe Corlys Velaryon, àwọn kan bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Laenor, ọmọkùnrin Corlys, dúdú, àwọn ọmọ tí wọ́n ní Laenor bí funfun. Àwọ̀ yẹn jẹ́ kí gbogbo ààfin rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ.

Nípa apá kẹjọ Game of Thrones, èyí tó kẹ́yìn, ìbínú pọ̀. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe. Tí o bá fẹ́ bínú, mọ ohun tó ń bí ọ nínú. Ìwé karùn-ún jáde lọ́dún 2011, kò sí ìkẹfà, eré sì ti sáré kọjá ìwé. Abala mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó di méje, ó di mẹ́fà. Pé Ìyá Dragoni sun ìlú kò yà mí lẹ́nu. Pé wọ́n sáré débẹ̀ ni mi ò fara mọ́. Má sì bú àwọn òṣèré, àwọn kọ́ ló kọ ọ́. Ti abala kẹta tó ṣókùnkùn, ilé náà ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe rẹ̀ wà: alẹ́ ni kí o wò ó, fa kọ́tìnì, pa gílóòbù tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n, kí o sì yí àwòrán rẹ̀ kúrò lórí èyí tó ń dán gbinrin.

Àṣìṣe mi kejì ló burú jù, òun ni mo ṣe ń kọ èyí. Lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn, mo rí i bí màmá mi ṣe bàjẹ́, àánú sì ṣe mí. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, Ìyá Robb á padà wá." Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìwé. Eré náà kò mú un padà. Apá kẹrin parí, ìkarùn-ún parí, wọ́n ń béèrè, èmi náà ń sọ pé ó kù díẹ̀. Má ṣe ṣèlérí ohun tó wà nínú ìwé fún ẹni tó ń wo eré láé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 tí abala kẹtàléláàádọ́rin parí, wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n wò mí. "Ìyá Robb ńkọ́?"

Mo lọ mú ìwé kẹta wá, mo ṣí ìparí rẹ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n mú Merrett Frey dé iwájú obìnrin kan tó bo orí, tí ojú rẹ̀ ya, tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí ọgbẹ́ ọ̀fun. Wọ́n bi í bóyá ọkùnrin yìí wà níbi ìgbéyàwó náà. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi náà mi orí. Wọ́n ní kí n má tíì pa ìwé náà dé, kí n tún ibẹ̀ kà.