Ìjẹ́rìí tí a kọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ohun tí ojú mi rí ní Àgbádárìgì

₦180,000 ni ìgbìmọ̀ ìjọ wa yà sọ́tọ̀ lọ́dún tó kọjá fún kíkọ́ àwọn ọmọ ìjọ bí a ti ń jẹ́rìí Kristi. ₦317,500 ni mo ti ná kí a tó jáde lọ sí ọjà ní ọjọ́ kìíní. Nínú èyí tó lé, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin san ₦45,500, àpò èmi fúnra mi ni ₦92,000 yòókù sì ti jáde, a kò sì tíì san án padà fún mi títí di òní. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ènìyàn máa ka owó tó ná sí iṣẹ́ Olúwa síta, ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí kì í ṣe owó náà nìkan. Ènìyàn méjìlélógún ni a kọ́, nígbà tí a sì parí, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè jókòó ti aládùúgbò rẹ̀ kí ó sọ ohun tí Jésù ṣe fún un, kí ó sì yé aládùúgbò náà.

Ibi tí owó náà bá lọ nìyí. Olùkọ́ kan ni a pè láti ìlú Èkó, nítorí gbogbo wa gbà pé ohun tó bá ti òkèèrè wá ló dára. A san ₦100,000 fún wọn, a sì ná ₦60,000 sí ọkọ̀, ilé ìtura àti oúnjẹ wọn. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni wọ́n wá, aago mọ́kànlá ni wọ́n sì ń dé fún ẹ̀kọ́ aago mẹ́sàn-án, èyí tí n kò lè dá wọn lẹ́bi rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Mile 2 wá sí Àgbádárìgì rí mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ni wọ́n fi ń kọ́ni, kò sì sí iná, nítorí náà epo bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ gba ₦37,500 lọ́wọ́ wa. ₦120,000 tó kù ni a fi tẹ ìwé pẹlẹbẹ 200. Atẹ̀wé náà kó gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ dànù, ó ní kọ̀ǹpútà òun kò gbà wọ́n. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, bàbá kan dìde láti ka ẹsẹ kìíní nínú Aísáyà orí 59, tó sọ pé ọwọ́ Olúwa kò kúrú, bàbá sì fi ohùn rara kà á pé owó Olúwa kò kúrú. Gbogbo ilé dáhùn pé Àmín. Àmín yẹn ló lágbára jù ní gbogbo Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìbéèrè mẹ́wàá àti ẹsẹ Bíbélì mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ní kí a há sórí. Àwọn ènìyàn wa há wọn sórí lóòótọ́, mo sì yangàn nítorí rẹ̀ ní ìgbìmọ̀. Nígbà tí a wá jáde ní méjì-méjì lọ sí ọjà Àgbálátà, mo tẹ̀ lé obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ẹ̀kọ́ náà jù. Ó dúró níwájú ẹni tó ń ta ẹja yíyan, ó kí i dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ iléèwé tó ń ka Sáàmù níwájú ọ̀gá. Nígbà tó dé ibi tí ó ti ní a ti fi ẹ̀jẹ̀ wẹ òun mọ́, ẹlẹ́ja fi abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ta ni, ìyá? Kí ló ṣẹlẹ̀?” Kò sí ìbéèrè yẹn nínú mẹ́wàá tí a kọ́. Obìnrin wa wò mí, mo wo ẹja, lẹ́yìn náà ó padà sí ìbéèrè kìíní ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ja náà ní àwọn oníbàárà òun ń dúró.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé èmi fúnra mi yóò tún un kọ́, láìgba kọ́bọ̀. N kò ní fi àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, yíyan àkókò àti bí a ti ń kó ènìyàn jọ gba àyè níhìn-ín, nítorí gbogbo ìjọ ló mọ ìyẹn í ṣe. A tún ka ìtàn obìnrin ará Samáríà ní etí kànga àti ti Fílípì pẹ̀lú ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìyẹn gbà, kò sì sí ẹni tó ṣòro fún.

Ibi tí a ti há ni ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún un nínú ètò tí mo kọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló jẹ. Ohun tí mo béèrè kò ju pé kí olúkúlùkù fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ìtàn ara rẹ̀: bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ó ti bá Kristi pàdé, àti ohun tó yí padà. Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì láti máa ka ìṣẹ́jú. Díákónì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bí wọn, wọ́n gba ti ìjà ilẹ̀ ẹbí kọjá, nígbà tí fóònù dún wọ́n ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n pa nǹkan tó ń dún yẹn, àwọn kò tíì dé ibi tó dùn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò, Jésù kò sì dé inú ọ̀rọ̀ náà títí di ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn obìnrin kò lè bẹ̀rẹ̀ láìdá orin. Àwọn ọ̀dọ́ ń wàásù. Èyí tó burú jù ni pé ohun tí a ń pè ní ẹ̀rí nínú ìjọ ti di ìdúpẹ́ fún ohun tí ọwọ́ tẹ̀: ẹnìkan ra ọkọ̀, ẹnìkan bímọ, ẹnìkan ríṣẹ́ sí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ó dára kí ènìyàn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo béèrè.

Mo bínú gan-an, ilé ni mo sì ti ń ráhùn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí wọ́n jẹ́ Alhaja, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, “Ṣé ẹ tilẹ̀ ti pe ẹni tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì kí ó gbọ́ ọ kí ó sọ ibi tí kò yé e?” A kò pè é. Kò wá sí wa lọ́kàn rí. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́, mo sì ṣe àdéhùn pé a kò ní fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí fà wọ́n. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó níwájú wa, tí wọ́n ń nàka sókè níbi gbogbo tí ọ̀rọ̀ bá ti sọnù sí wọn lójú. Àtúnbí, ìràpadà, ìdáláre, òróró, ẹ̀jẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sára pátákó, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò wọ́n mọ́ títí yóò fi lè sọ wọ́n bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí arákùnrin kan wá jẹ́rìí ọkọ̀ rẹ̀, Alhaja gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní, “Ọlọ́run fún èmi náà ní ọkọ̀. Kí ni Jésù wá ṣe fún ìwọ tí kò jọ ti èmi?” Arákùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó wúlò tó ìyẹn, ọ̀fẹ́ ni mo sì rí i gbà.

Díákónì wa kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní iṣẹ́ àlùfáà ni a ń fi gbogbo èyí ṣe, àti pé ìdí tí a fi ń san owó oṣù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí àwọn kan náà ló máa ń mú àlejò lọ wo ibi tí igi Àgíyà, tí a ti kọ́kọ́ wàásù ìhìn rere lábẹ́ rẹ̀, wà kí ìjì tó wó o ní 1959, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìlú wa ni Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842 láti wàásù. Mo bi wọ́n pé ta ló ní kí Freeman wá? Sàró kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ sí Sierra Leone, tó ti padà dé sí Àgbádárìgì, tó ń jẹ́ James Ferguson, ló kọ lẹ́tà lọ sí Sierra Leone ní 1841 pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn, Ferguson kì í sì í ṣe àlùfáà. Díákónì dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọdún 1841 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí wọn, ó sì gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Àṣìṣe tí ó jẹ́ tèmi ni mo fẹ́ sọ báyìí. Arábìnrin kan wà tó ń fọ́ àgbọn tó sì ń ṣe òróró rẹ̀ tà, ẹ̀rí rẹ̀ gbẹ bí ẹni ń ka ìwé ìkéde. Nígbà tó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta tí kò yí padà, mo kàn sọ fún un pé kó sọ ọ́ lédè Ègùn kí n lè sinmi díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ bí òun àti àbúrò ọkọ òun kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọkọ òun kú, bí òun ti gbọ́ pé Jésù ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó ń kan òun mọ́ igi, tí òun kò sì lè sùn lóru ọjọ́ náà, títí òun fi gbé gààrí lọ sí ilé obìnrin yẹn láàárọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Alhaja kò gbọ́ Ègùn dáadáa, wọ́n ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn, lẹ́yìn náà wọn kò nàka rárá. Àgbádárìgì ni mo ń gbé, bí ìdajì àwọn tí mo ń kọ́ ló jẹ́ Ègùn, Yorùbá nìkan ni mo sì fi ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nílùú wa, kó kọ́kọ́ béèrè èdè tí olúkúlùkù fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n gbé Bíbélì èdè náà lọ́wọ́.

A kò padà sí ọjà. Mo ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ sínú ìwé, kó máa gbàdúrà fún un, kó sì wá àkókò tí wọn yóò fi jọ jókòó. Bí ẹni náà bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, kí ó kí i dáadáa kí ọ̀rẹ́ wọn sì máa bá a lọ. Àwọn mẹ́rìnlá ló kù títí dé òpin nínú méjìlélógún, mẹ́sàn-án nínú wọn ló sọ̀rọ̀ gan-an, àbúrò ọkọ arábìnrin alágbọn sì ti ń bá a wá sí ìjọ. Alhaja ṣì ń lọ sí àsáláátù wọn láràárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá díákónì ti dé iléèwé gíga. Díákónì ti dé ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Mẹkáníìkì wọn ni wọ́n sọ ọ́ fún, ìyẹn bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì gun ọ̀kadà wá bá mi ní alẹ́ láti wá béèrè rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ní gbogbo ọdún náà nìyẹn.

Ìwé pẹlẹbẹ 168 ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ìgbìmọ̀ ti ní kí n tún un ṣe fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, mo sì ti dá wọn lóhùn nínú lẹ́tà pé kí wọ́n kọ́kọ́ san ₦92,000 mi.