Kẹ́ ẹ tó gbin ewédú sẹ́yìnkùlé ní Amẹ́ríkà

Ìtòkú ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Omi aró tí wọ́n dà nù láàárọ̀ ṣì dúdú nínú gọ́tà. Ojú ń rí i. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé kò yẹ kóun ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, májèlé inú ilẹ̀ tọ̀hún kì í fara hàn báyìí. Koríko tútù minimini lẹ lè bá níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé nígbà kan rí.

Kẹ́ ẹ tó gba ilé, ẹ wo àdúgbò náà lórí ìkànnì EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká. Òfin Superfund ti ọdún 1980 ló ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tó burú jù. Wọ́n ṣe é lẹ́yìn tí kẹ́míkà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Love Canal, Ìpínlẹ̀ New York, sun wọnú ilé àwọn èèyàn. Ilẹ̀ yòówù tó bá wọ ìwé àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àtúnṣe, òfin ní kí ATSDR, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀, yẹ ewu rẹ̀ wò fún ará àdúgbò. Ẹnikẹ́ni náà lè kọ̀wé bẹ̀ wọ́n.

Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ o. Ọ̀nà ni wọ́n ń wá: ibo ni májèlé ti wá, kí ló gbé e, ibo lèèyàn ti ń kò ó, ṣé ẹnu ló gbà wọlé ni àbí imú àbí awọ, ta ló sì kàn? Bí ọ̀kan bá já nínú márààrún, májèlé lè wà nílẹ̀ kó má dé ara ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lanu nìyí. Wọ́n máa ń gbé àbájáde síta kí ará àdúgbò sọ tẹnu wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó ṣírò ewu náà ò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé la ti ń já ewédú àti tẹ̀tẹ̀, pé ọmọ Abẹ́òkúta ò lè ṣe kó má fi ewédú jẹ láfún. Bí ẹ ò bá sọ, wọn ò ní í kà á mọ́ ọn.

Nínú ilé, òjé máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, àwọn ọmọ tó ń rá ló sì ń fi ọwọ́ gbé e sẹ́nu jù. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Tí òjé inú rẹ̀ bá ti tó 3.5 máíkírógíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n á wá ibi tó ti wọlé. Ẹ má fi tìróò tẹ́ ẹ kó láti ilé pa mọ́ fún wọn, torí òjé wà nínú òmíràn. Ní ti ewédú, nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, pákó ni mo fi kan àpótí gíga, mo ra erùpẹ̀ tó mọ́ dà sínú rẹ̀. Bàtà tá a bá wọ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹnu ọ̀nà là ń bọ́ ọ sí.