Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: má fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo ka ìwé Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kéékèèké ló máa ń nítumọ̀ jù. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè Oxford ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 1989, “set” nìkan ní ìtumọ̀ tó lé ní 400. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ há wọn sórí. Ohun tó ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ìbàdàn ni pé ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ni wọ́n ń gbé kiri.

Bí wọ́n bá kọ “outstanding courses” sábẹ́ èsì ìdánwò ọmọ yín, ẹ má tíì pe àríyá. Kọ́ọ̀sì tó ṣì jẹ sílẹ̀ ni. “Outstanding fees”, gbèsè ni. “Outstanding student” nìkan ni oríyìn.

Ilé ìwòsàn ló ti léwu jù. Bí nọ́ọ̀sì UCH bá ní aláìsàn ti gba “discharge”, ilé ló ń lọ. Bó bá kọ “discharge” nípa egbò, omi tàbí ọyún ló ń jáde níbẹ̀. “Positive” kì í ṣe ìròyìn rere: ohun tí wọ́n ń wá ni wọ́n rí. Bó bá jẹ́ ibà ni wọ́n ń wá, ibà wà níbẹ̀. (Ẹni tó ń wojú Olúwa fún oyún nìkan ló lè jó.) “Fasting” lórí ìwé àyẹ̀wò ṣúgà kò ní kí ẹ yára o. Ẹ má jẹun fún wákàtí 8, ó kéré tán. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu. Ẹni tó bá mu ògì kó tó lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ga, àyẹ̀wò náà á sì bàjẹ́.

Ní kóòtù Ìyágankú, “fine” ni owó ìtanràn. Bí adájọ́ bá sọ “discharged” (wọ́n tú u sílẹ̀) láìfi “acquitted” (kò jẹ̀bi) kún un, ẹ má sáré dúpẹ́ tán: ìgbà mìíràn wà tí wọ́n lè tún gbé ẹjọ́ náà dìde.

Ẹ̀yin tó ń múra UTME, ẹ má dúró sí nọ́ńbà 1 nínú díṣọ́nárì. Ẹ kọ́kọ́ wo àmì tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà: “n.” ni ọ̀rọ̀-orúkọ, “v.” ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ wá fi ìtumọ̀ tí ẹ mú sínú gbólóhùn inú ìbéèrè, kí ẹ kà á jáde. Bí kò bá wọlé, ẹ bọ́ sí ìkejì. Ẹ sì ṣọ́ ohùn: bí “record” bá jẹ́ orúkọ, iwájú ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ (RE-cord), bó bá jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni (re-CORD).