Mi Ò Ráyè Ṣe Eré Ìdárayá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá tó sì ń fi í sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí wọ́n fi í sí nínú ọjọ́ wọn ni kò bá wọn mu. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ nìyí.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú pátápátá kí n tó wọlé. Ìgbà wo ni kí n wá ṣe é?

Ẹ má wá àkókò ọ̀tọ̀ fún un, torí ẹ ò ní rí i. Ẹ má sì gé e lára oorun. Kí ẹni tó ń sùn fún wákàtí márùn-ún tún máa jí laago mẹ́ta àbọ̀ nítorí eré ìdárayá, èmi ò fọwọ́ sí i rárá. Ojú ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí èèyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kó tó kà. Lọ́dún 2020 wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló wọ ìṣirò.

Nítorí náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú ti ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ kó bàtà ọ́fíìsì sínú báàgì, ẹ wọ kánfáàsì. Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ àti 15 nírọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún ti fún yín ní 150. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí òpópónà ò sì níná, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá yín lọ sílé. Ẹ fi ti ọ̀sán dípò rẹ̀: ẹ gun àtẹ̀gùn, kí ẹ sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìrìn ẹ̀yìn oúnjẹ yẹn kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga jù.

Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, itan á máa ro mí débi pé n ò ní lè jókòó dáadáa. Bí mo ṣe ń fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù. Iṣan tí kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ro èèyàn ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn náà á lọ fúnra rẹ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́ ló dáa fún un, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ojú kan ló ń dùn yín, tó wú, tàbí tó já lójijì nígbà tí ẹ ń ṣe é lọ́wọ́, ìpalára nìyẹn. Ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Àga ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó sétí àga tí kì í mì, ẹ ká apá mọ́ àyà, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ẹ sì tún rọra jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ìdí já lu àga. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ni itan ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ẹ sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹjọ mìíràn, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bó bá ti rọrùn fún yín, ẹ fi méjì kún un. Ẹ máa ṣe é kí ẹ tó wẹ̀ láàárọ̀: ẹ ò ní gbàgbé àtiwẹ̀, bí ẹ bá sì làágùn, omi ti wà nílẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá fò yín, ẹ ṣe ti ọjọ́ tó kàn bó ṣe yẹ, ẹ má sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ọjà ni mò ń tà, orí ìdúró ni mo máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Ṣé ìyẹn ò tó ni?

Kò tó, mà. Ìdúró ń rẹ ẹsẹ̀, kì í mú ọkàn ṣiṣẹ́ kánkán. Ẹrù gbígbé àti iyán gígún, ìyẹn kà. Nígbà tí oníbàárà ò bá sí, ẹ ní kí aládùúgbò bá yín wo ìsọ̀, kí ẹ rìn yí ìlà ọjà ká kánmọ́kánmọ́.

Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo sì ń lo oògùn. Ṣé kò ní ṣe mí ní jàǹbá?

Ìrìn déédéé máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ torí ẹ̀ dá oògùn dúró. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà yín, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ gbé ohun tó wúwo, ẹ má sì sé èémí bí ẹ bá ń gbé e. Bí àyà bá fún yín, tí ìrora bọ́ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òòyì kọ́ yín, tàbí tí èémí ò délẹ̀ mọ́, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má dúró wò ó bóyá á lọ.

Yàrá kan ni èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ń gbé, ojú sì ń tì mí láti ṣe é níta.

Ògiri tó yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í ní ìwọ̀n èjìká, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ká ìgúnpá títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ sì ti ara yín padà. Bó bá ti rọrùn, ẹ tún sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbé orúnkún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kan níbi tí ẹ dúró sí, kí ọmọ kan máa bá yín kà á. Okùn fífò dáa gan-an, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé nísàlẹ̀ yín, ìta ni kí ẹ ti fò ó.