Bí mo ṣe rí oorun sùn nínú àgọ́ lákòókò ọyẹ́

Òtútù òru ló fẹ́ẹ́ lé mi kúrò nídìí ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ ológeere. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní 50 kìlómítà, ojú ọjọ́ ọyẹ́ sì dára fún un. Ṣùgbọ́n tí a bá pàgọ́ sẹ́bàá oko, tó bá fi máa di ìdájí, eyín mi á máa lu ara wọn. Mo kó kúbùsù lé kúbùsù, kò tu irun kan lára òtútù náà.

Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara mi. Kúbùsù tí èèyàn bá sì sùn lé kì í gbà á sílẹ̀ púpọ̀, torí ìwúwo ara ti tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Mo wá tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, mo tú páálí ńlá lé e ní ìlọ́po méjì, mo gbé ẹní àti fóòmù pẹlẹbẹ lé e lórí. Páálí yìí ṣe bẹbẹ! Afẹ́fẹ́ há sáàárín awẹ́ rẹ̀, kò sì wúwo lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kó má ṣáà ti fojú kan omi.

Aṣọ tí mo fi wa kẹ̀kẹ́ kì í bá mi wọ ibùsùn mọ́, torí òógùn inú rẹ̀ ń gba ooru lára bó ṣe ń gbẹ. Súwẹ́tà gbígbẹ, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà abetí ajá ni mo ń wọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ láfún gbígbóná yó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé iná èédú wọ inú àgọ́ láé. Gáàsì rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani lójú oorun.