Ojú mi rí nǹkan kí parish council abúlé wa tó tan iná kan ṣoṣo

Bíìlì council tax, owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀, tó wọlé ní March ló bí mi nínú. Abúlé kan ní Kent, ní England, là ń gbé, kì í ṣe London o. Lábẹ́ owó county àti district (ìjọba ìbílẹ̀ tó tóbi jù tiwa lọ) àti ọlọ́pàá, ìlà kékeré kan wà fún parish council, ìjọba ìbílẹ̀ tó kéré jù lọ, ti abúlé, owó yẹn sì ti gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀bá bọ́sítọ́ọ̀pù ti kú láti ìgbà òtútù, tọ́ọ̀ṣì fóònù lọmọ mi obìnrin fi ń rìn wálé. Kí wá ni mò ń sanwó fún?

Ẹ má rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, láti 1894 ni òfin ti gba ọ̀rọ̀ ìlú kúrò lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé e fún àwọn tí ará abúlé bá dìbò yàn. Pápá ìṣeré ọmọdé, bẹ́ńṣì, ilẹ̀ kékeré téèyàn lè háyà fi dáko, iná ojú títì láwọn ibì kan, irú nǹkan wọ̀nyẹn ni tiwọn. Kòtò ojú títì, county ni kẹ́ ẹ bá wí. Àwọn kánsẹ́lọ̀ tiwa kì í gbowó, akọ̀wé nìkan ló ń gbowó, wákàtí díẹ̀ ló sì ń ṣe lọ́sẹ̀.

Bí mo ṣe mọ ẹni tó niná ò le: nọ́ńbà wà lára òpó, mo fi ránṣẹ́ sí county, wọ́n pẹ́ títí kí wọ́n tó dáhùn pé ti parish ni. Ìgbà yẹn ti di July.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Mo lọ sípàdé wọn ní village hall, wọ́n fún ará ìlú láyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀, mo sọ tèmi, gbogbo wọn ń mi orí, màmá àgbàlagbà kan láàárín wọn tiẹ̀ ní díẹ̀ ló kù kóun náà ṣubú níbẹ̀. Mo ní ó ti bùṣe. Àfi bí alága ṣe ní a dúpẹ́ o, àmọ́ kò sí lórí àjẹ́ńdà, a ò lè pinnu nǹkan kan lálẹ́ òní. Ẹ gbọ́ ná! Wọ́n gbà pé iná kú, wọ́n lówó, wọn ò lè sọ pé ẹ tún un ṣe!

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni, mo délé mo lọ ka òfin, àṣé òótọ́ ni. Àjẹ́ńdà gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú ìpàdé, wọn kì í ka ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọn kì í ka ọjọ́ ìpàdé, wọn kì í ka Sunday. Ohun tí ò bá sí níbẹ̀, wọn ò lè fọwọ́ sí i. Mo ní ó dáa, ẹ fi sí ti oṣù tó ń bọ̀. Wọn kì í ṣèpàdé ní August.

September dé, iná wà lórí àjẹ́ńdà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ ni pé "ìròyìn nípa iná". Wọ́n gbọ́ ìròyìn, ó tán! Inú mi ru débi pé mi ò lè sùn.

Ìgbà tó kàn, èmi fúnra mi ni mo kọ ìlà yẹn ránṣẹ́ sí akọ̀wé: kí kánsù pinnu láti tún iná nọ́ńbà báyìí ṣe, kí wọ́n sì fọwọ́ sí owó rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi dìbò. Iná tàn kó tó di Kérésì, LED ni, ó mọ́lẹ̀ rekete, ẹ bá mi yọ̀ jàre.

Tó bá jẹ́ owó ló ń dun ẹ̀yin, àárín December sí January ni kẹ́ ẹ lọ bá wọn, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ń pinnu iye tí wọ́n máa gbà, tí bíìlì bá ti jáde ẹpa ò bóró mọ́. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò sì ní kẹ́ ẹ dákẹ́ o, ọmọ Commonwealth ni wá, ẹ lè dìbò níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti ní indefinite leave (àṣẹ láti máa gbé níbí láìní gbèdéke) lè dupò.

Àyè kánsẹ́lọ̀ kan ṣófo báyìí. Tí èèyàn 10 ò bá kọ̀wé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14 pé ìdìbò làwọn fẹ́, kánsù ló máa yan ẹni tó wù wọ́n. Mo ti ń wò ó. Ọkọ mi ní kí n má dán an wò, pé wọ́n á ti rí ojú mi sú.